Kórópọ̀n ọ̀tún ọmọ mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀: ṣé kí n máa dúró ni?

Ìyá Àyìnlá béèrè:

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin onímọ̀ ìlera, mo kí i yín. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 5 báyìí. Òun ni àkọ́bí mi, ọ̀sẹ̀ 35 sì ni oyún rẹ̀ wà nígbà tí mo bí i, ìyẹn ni pé ó fi ọ̀sẹ̀ 5 ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ó ń mu ọmú dáadáa, ó ń sanra, kò sì sí ohun mìíràn tí ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àpò ẹpọ̀n rẹ̀ ṣófo. Kórópọ̀n òsì wà ní ipò rẹ̀, mo sì máa ń fọwọ́ kàn án nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Ti ọ̀tún kì í sí níbẹ̀ nígbà òtútù, kì í sì í sí níbẹ̀ nígbà tí omi gbígbóná bá ti mú kí ara rẹ̀ rọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni a kọ ọ́ nílà, ẹni tí ó kọ ọ́ nílà kò sì sọ nǹkan kan fún wa. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 14. Ó ní kí n má fòyà, kí n máa ṣọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ti ń wá láti ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ, wọ́n sì gbà pé bí a bá ń fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná jó ibẹ̀, tí a sì ń fi òrí ra á láti abẹ́ ikùn wá sísàlẹ̀, yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. N kò fẹ́ já wọn ní koro, nítorí pé wọ́n ti tọ́ ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ máa ń ké nígbà tí wọ́n bá tẹ ibẹ̀, ọkàn mi kò sì gbà á. Ẹni tí ó ń ta oògùn ní àdúgbò wa sọ pé abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù kan wà tí yóò fà á wálẹ̀. Ọkọ mi ní kí a lọ ṣe síkáànù. A ṣe é, ìwé tí wọ́n fún wa sì sọ pé wọn kò rí kórópọ̀n ọ̀tún. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé náà ni oorun ti dá lójú mi.

Ṣé pé wọn kò rí i túmọ̀ sí pé a kò dá a mọ́ ọn ni? Ṣé kí n máa dúró, àbí kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ṣé yóò lè bímọ lọ́jọ́ iwájú? Mo sì fẹ́ béèrè èyí tí n kò lè bi ẹnikẹ́ni nílé: ṣé oògùn ibà tí mo lò nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú mi ni ó fà á? Ìbàdàn ni a ń gbé.

Nọ́ọ̀sì Abíyè dáhùn:

Ìyá Àyìnlá, ẹ kú ọwọ́ lómi, Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo sì lè fi dá yín lójú pé ohun tí ẹ sọ yìí kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé kí a tó bí wọn, nǹkan bí 3 ni kórópọ̀n wọn kan tàbí méjèèjì kì í tíì sí ní ipò rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí. Láàrin àwọn tí oṣù wọn kò pé, iye náà lè tó 30 nínú 100. Nígbà tí wọ́n bá fi pé ọmọ ọdún kan, àwọn tí tiwọn ṣì wà lókè kì í ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ààlà: láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì yẹn bá yín sọ kò burú, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ parí ni. Ẹni tí ó bá ní kí òbí máa ṣọ́ nǹkan yẹ kí ó sọ ọjọ́ tí ìṣọ́ náà yóò parí. Oṣù 6 ni òpin rẹ̀, a sì ń kà á láti ọjọ́ tí ó yẹ kí a bí ọmọ, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a bí i gan-an. Níwọ̀n bí Àyìnlá ti fi ọ̀sẹ̀ 5 ṣáájú, ìgbà tí ó bá pé oṣù 7 ó lé díẹ̀ ni ìṣirò yìí yóò sọ pé ó pé oṣù 6. Ẹ ṣì ní àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró kí ọjọ́ náà pé kí ẹ tó máa wá dókítà kiri, nítorí pé lọ́dọ̀ wa níbí, láti ọjọ́ tí a bá gba lẹ́tà tí a óò mú lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ títí di ọjọ́ tí a óò fojú kàn án lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé e wá fún fítámì A ní oṣù 6, ẹ béèrè lẹ́tà náà, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgbà á.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé, ẹ ṣe é lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá móoru, tí kò sì sunkún. Ẹ ra ọwọ́ yín pọ̀ kí ó gbóná kí ẹ tó fi kàn án, torí pé ọwọ́ tútù nìkan tó láti mú kí kórópọ̀n sá padà sókè. Ẹ fi ìka rọra tọ abẹ́ ikùn láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí wá sísàlẹ̀, lọ sí ìhà àpò ẹpọ̀n. Bí nǹkan róbótó kan tí kò ju èso ẹ̀wà lọ bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka yín, ẹ fi ibi tí ó wà sọ́kàn kí ẹ lè sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó; ẹ má ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má jẹ́ kí ó di ìjà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò ní pa ọmọ lára, òrí náà sì dára fún awọ. Títẹ ibẹ̀ ni kò dára. Ohun tí ó dá kórópọ̀n dúró sókè kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè tì wálẹ̀, bí ìfun bá sì wà nínú ihò tí kórópọ̀n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, títẹ̀ ẹ́ lè ṣe é léṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ìyá dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé ohun tí wọ́n bá fetí ara wọn gbọ́ níbẹ̀ yóò rọrùn fún wọn láti gbà ju èyí tí aya ọmọ wọn wá sọ fún wọn lọ.

Ohun kan tún wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kankan. Bí abẹ́ ikùn ọmọ bá wú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ibẹ̀ le, tí ó ń dùn ún, tí ọmọ ń bì tàbí tí kò dákẹ́ ẹkún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé ìfun ti há síbẹ̀, tàbí pé kórópọ̀n náà ti lọ́ po mọ́ okùn tí ó so ó rọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọmọ nílà, ẹ máa wo àpò ẹpọ̀n kí ẹ tó mú abẹ. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ń súnmọ́ ibẹ̀ tó yín ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọ dáyé.

Baba Ẹdẹ dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì ti rí nǹkan. Nígbà tí àwa ń dàgbà, a kì í gbọ́ pé wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ lọ fún iṣẹ́ abẹ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní àbúrò kan tí ìyá wa máa ń sọ pé kórópọ̀n rẹ̀ kan máa ń wá, a sì tún máa lọ, títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ó bàlágà, méjèèjì ti jókòó sí ipò wọn, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin. Lójú tèmi, ọmọ tí kò tíì lè jókòó kéré jù fún abẹ, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èmi ìbá gba ìyá ọmọ níyànjú pé kí ó ní sùúrù títí ọmọ yóò fi lè sọ̀rọ̀, kí ó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń dùn ún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà là á yé wa. Etí mi ṣí sílẹ̀.

Dókítà Ọmọdé dáhùn:

Ẹ ṣeun, Baba. Ọ̀rọ̀ yín wúlò fún wa gan-an, nítorí pé ohun tí ẹ sọ nípa àbúrò yín ni ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí jókòó sílé jù. Kórópọ̀n tí ó ń wá tí ó sì ń lọ yàtọ̀ sí èyí tí kò wá rí. Gbogbo ọmọkùnrin ni ó ní iṣan kékeré kan tí ó máa ń fa kórópọ̀n sókè nígbà òtútù tàbí nígbà ẹ̀rù. Nínú ọmọdé kan, iṣan náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dà bí ẹni pé àpò náà ṣófo. Bí dókítà bá fi ọwọ́ gbígbóná rọra mú un wálẹ̀, tí ó sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti yọwọ́, ọmọ náà kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ó kàn yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún títí yóò fi bàlágà, torí pé àwọn kan nínú wọn máa ń gòkè padà, kí wọ́n má sì sọ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ti àbúrò yín jẹ́ irú èyí. Àpò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Àyìnlá ṣófo nínú omi gbígbóná pàápàá, ìyẹn ni mo fi rò pé tirẹ̀ jẹ́ irú kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ dókítà tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìyá Àyìnlá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí ẹ kò lè bi ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ gbé ẹrù náà kúrò ní ọkàn yín. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, a kì í rí ìdí kan pàtó tí a lè nàka sí. Ohun tí ó hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ tiyín ni pé ẹ bí ọmọ ṣáájú àsìkò rẹ̀. Inú ikùn, nítòsí kíndìnrín, ni kórópọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdàgbà rẹ̀. Nígbà tí oyún bá fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15, ó ti dé ìsàlẹ̀ ikùn, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25. Láàrin ọ̀sẹ̀ 25 sí 35 ni ó ń gba ọ̀nà tóóró kan tí ó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn kọjá, tí ó sì ń bọ́ sínú àpò. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 35 lè dé ayé kí ìrìn náà tó parí. Ibà tí a kò tọ́jú nínú oyún léwu fún ìyá àti ọmọ, ó sì wà lára ohun tí ń mú kí a bí ọmọ ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ẹ ṣe ohun tí ó yẹ bí ẹ ṣe tọ́jú tiyín.

Ìdí tí a fi ń dúró dé oṣù 6 ni pé ara ọmọkùnrin máa ń tú họ́mọ̀nù ọkùnrin jáde lọ́pọ̀lọpọ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ jù lọ láàrin oṣù kìíní sí ìkẹta. Ìgbà náà ni kórópọ̀n tí ó pẹ́ lọ́nà sábà máa ń sọ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi pé oṣù 6, họ́mọ̀nù náà ti lọ sílẹ̀, kò sì ní pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di ìgbà ìbàlágà. Dídúró lẹ́yìn ìgbà náà kò fi àǹfààní kún un, ewu ni ó ń fi kún un. Ooru inú àpò ẹpọ̀n fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius rẹlẹ̀ sí ti inú ikùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí ó rí, nítorí pé àwọn èso tí yóò di àtọ̀ lọ́jọ́ iwájú ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyípadà wọn láti ọdún àkọ́kọ́ yìí, ooru inú ara sì ń bà wọ́n jẹ́. Ibi tí n kò ti bá Baba fẹnu kò nìyí: ìbàjẹ́ náà kì í dun ọmọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ tí yóò fi hàn wá pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà olùtọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2014 sọ pé kí a fi ọmọ tí tirẹ̀ kò bá sọ̀ ní oṣù 6 ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ, kí iṣẹ́ náà sì wáyé láàrin ọdún kan lẹ́yìn náà. Ti àwọn ará Yúróòpù fẹ́ kí ó parí kí ọmọ tó pé ọdún kan, kí ó má sì kọjá oṣù 18. Ní Nàìjíríà, ó máa ń ká mi lára pé àwọn tí a ń rí ti ju ọjọ́ orí yìí lọ dáadáa. Àwọn kan ti ń lọ sí ilé ìwé, a sì máa ń rí géńdé tí ó ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún un.

Ẹ fi ìwé síkáànù yẹn pamọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó dá oorun mọ́ yín lójú mọ́. Nínú ọmọ tí ó kéré báyìí, kórópọ̀n tí ó wà nínú ikùn máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ìfun àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nítorí náà pé ẹ̀rọ kò rí i kò fi hàn pé kò sí. Ìlànà ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà sọ ní gbangba pé kí a má ṣe síkáànù kí a tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ, nítorí pé kì í sábà yí ìpinnu padà. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ iṣẹ́ sàn jù ú lọ: ó kéré tán, nínú ọmọ 10, ọwọ́ máa ń kan ti 7. Bí ọwọ́ kò bá kan ti Àyìnlá, wọn yóò fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà gba ìdodo wo inú ikùn rẹ̀ lábẹ́ oògùn akunilóorun. Wọ́n lè bá a níbẹ̀, kí wọ́n sì mú un wálẹ̀, nígbà mìíràn ní ìpele méjì. Wọ́n sì lè rí i pé ó ti rọ kí a tó bí ọmọ. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tí ara rẹ̀ dá tó fún irùngbọ̀n, fún ohùn ọkùnrin àti fún ọmọ bíbí.

Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù tí olóògùn àdúgbò ń sọ wà lóòótọ́, wọ́n sì ti lò ó káàkiri ayé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó ṣiṣẹ́, ìlànà yẹn náà sì ní kí a má lò ó fún èyí. Ẹ má ra á.

Ní ti ọmọ bíbí, ẹni tí ẹyọ kan ṣoṣo ṣe, tí wọ́n sì tún un ṣe ní kékeré, àǹfààní rẹ̀ láti bímọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin yòókù. Àwọn tí méjèèjì ṣe ni ọ̀rọ̀ tiwọn le jù. Ewu jẹjẹrẹ kórópọ̀n náà wà, bí àìsàn náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní Sweden tọpasẹ̀ àwọn ọkùnrin bí 17,000 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọdún 13, ewu náà tó ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ ti àwọn ọkùnrin yòókù. Nínú àwọn tí wọ́n ti pé 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Kórópọ̀n tí ó wà nínú àpò tún ní àǹfààní mìíràn: ọmọ náà lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá bàlágà, kí ó sì tètè mọ̀ bí kókó bá yọ níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe tuntun. Thomas Annandale ti ṣe é ní àṣeyọrí ní Edinburgh ní ọdún 1877. Wọ́n máa ń la ibi kékeré kan sí abẹ́ ikùn, wọn yóò tú kórópọ̀n àti okùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò so ihò tí ìfun lè gbà yọ, èyí tí ó máa ń fa ìpá lọ́jọ́ iwájú, lẹ́yìn náà wọn yóò fi kórópọ̀n sínú àpò kékeré tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ awọ ẹpọ̀n. Ó sábà máa ń parí kí wákàtí kan tó pé. Ní Ìbàdàn, UCH, ìyẹn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀, ní àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH, ti Èkó, ní Ìdí-Àràbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò kan Àyìnlá, ṣùgbọ́n tí mo fẹ́ kí òbí mìíràn tí ó bá ka ibí yìí mọ̀. Bí ọwọ́ kò bá kan kórópọ̀n kankan rárá nínú ọmọ tuntun, tàbí bí ihò ìtọ̀ kò bá sí ní ṣóńṣó nǹkan ọmọkùnrin tí kórópọ̀n sì tún sọnù, ẹ má kọ ọ́ nílà, ẹ má sì dúró de oṣù 6. Ó lè jẹ́ pé obìnrin ni ọmọ náà nínú, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ òde rí bí ti ọkùnrin nítorí àìsàn ẹṣẹ́ kan (ẹ̀yà ara tí ń tú họ́mọ̀nù jáde) tí ó wà lórí kíndìnrín, àìsàn tí ó lè fa iyọ̀ kúrò lára ọmọ kí ó sì pa á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Awọ tí à ń gé dànù níbi ìkọlà sì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń nílò láti fi tún ihò ìtọ̀ ṣe. Ìsọmọlórúkọ lè wáyé ní ọjọ́ kẹjọ láìsí ìkọlà.

Baba Ẹdẹ dáhùn:

Ó yé mi wàyí, Dókítà. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí sùúrù yẹn. Ọmọ ọmọ mi kan wà tí èmi náà yóò ní kí ìyá rẹ̀ yẹ̀ wò ní alẹ́ òní.

Ìyá Àyìnlá dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn Dókítà sí ọkọ mi létí, a sì ti pinnu láti lọ gba lẹ́tà láìdúró de oṣù 6. Ẹ̀rù oorun tí wọn yóò fi oògùn kùn ún ni ó kù. Ọmọ tí ó ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú ẹ̀rọ tí ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ṣé ara rẹ̀ yóò gbà á? Ṣé kò ní pa ọpọlọ rẹ̀ lára? Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ọmọ rẹ̀ la èyí kọjá, mo fẹ́ gbọ́ bí ó ti rí nílé lẹ́yìn náà.

Ìyá Peckham dáhùn:

Ìyá Àyìnlá, ẹ kú àmójútó. London ni mo ń gbé, wọ́n sì ṣe é fún ọmọkùnrin mi kejì kí ó tó pé ọdún kan. Níbí, wọ́n máa ń yẹ gbogbo ọmọ wò láàrin wákàtí 72 tí a bí wọn, wọ́n sì tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí ẹyọ kan kò bá sí ní ipò rẹ̀, dókítà àdúgbò yóò tún wò ó ní oṣù 4 sí 5, oníṣẹ́ abẹ yóò sì gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó kọjá oṣù 6. Èmi kò ṣe ìpinnu kankan fúnra mi, lẹ́tà ni ó ń wá sílé. Ẹ̀yin ni yóò máa tẹ̀ lé tiyín lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn.

Àárọ̀ ni a gbé e lọ, ilé ni a sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ọgbẹ́ kékeré méjì ni mo rí, ọ̀kan ní abẹ́ ikùn, èkejì lára àpò ẹpọ̀n. Okùn tí wọ́n fi rán an yọ́ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ wú, ó sì dúdú bí ẹni tí ó fara gbá, títí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Oògùn ìrora tí ó wà fún ọmọdé nìkan ni mo fún un. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ni ara mi kò tíì balẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé tí wọ́n fún mi ni ti ọmọ pípọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ọmọ má gun kẹ̀kẹ́ tàbí ohun ìṣeré tí yóò ya ẹsẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi tí wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá mi tọ́mọ sì ti mú ọ̀já lọ́wọ́. Mo pe ọsibítù, mo béèrè; nọ́ọ̀sì tí ó gbé fóònù kò mọ ohun tí mo ń sọ títí mo fi ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ọmọ yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí iwájú rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ó pọ̀n ọ́. Ó ní kí a má dán an wò títí ojú abẹ yóò fi jiná. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tiyín níwájú ìyá ọkọ yín, kí ó má di pé ẹ̀yin ni ẹ ń fi ọmọ dù wọ́n.

Dókítà Ọmọdé dáhùn:

Ìyá Peckham ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé láti sọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti oorun, ìwádìí ńlá kan wáyé ní orílẹ̀-èdè 7 lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún, tí àwọn tí oṣù wọn kò pé wà lára wọn. Wọ́n fi oògùn kun àwọn kan lóorun, wọ́n sì pa ìsàlẹ̀ ara àwọn yòókù kú láìjẹ́ kí wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ wọn wò ní ọmọ ọdún 5, kò sí ìyàtọ̀. Ọdún 2019 ni àbọ̀ náà jáde. Oorun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò ju bíi wákàtí kan lọ ni ìwádìí náà dá lé lórí, irú èyí gan-an sì ni Àyìnlá yóò sùn bí ọwọ́ bá kan kórópọ̀n rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé dókítà tí yóò fi oorun kùn ún mọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ̀ wà nígbà tí ẹ bí i, nítorí pé ó lè ní kí ọmọ sun ọsibítù mọ́jú kí wọ́n lè máa ṣọ́ èémí rẹ̀.

Wọn yóò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́nótáìpù rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, torí pé ẹni tí ó jẹ́ SS nílò ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí ó ní ọ̀fìnkìn, ẹ sọ ọ́. Wọn yóò sún ọjọ́ náà síwájú. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 6 láti ìgbà tí ó bá jẹ ògì tàbí mu wàrà inú agolo kẹ́yìn, wákàtí 4 fún ọmú ìyá, wákàtí 2 fún omi lásán. Ẹnikẹ́ni nílé kò gbọdọ̀ ṣàánú rẹ̀ kí ó fún un ní ṣíbí ògì kan ní ìdájí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò dá yín padà sílé, bí wọn kò bá sì mọ̀, oúnjẹ náà lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání àti ìwé tí wọ́n fún yín níbi tí ẹ bí i sí. Bí ọkọ yín bá wà nínú ètò ìlera tí a ń dá owó sí níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó béèrè ṣáájú bóyá ètò náà yóò san nínú owó iṣẹ́ abẹ, torí pé wọ́n sábà máa ń fẹ́ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi oníṣẹ́ abẹ léèrè ìgbà tí yóò fẹ́ rí ọmọ padà: ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà láti wo ojú abẹ, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù 6 sí 12 láti mọ̀ bóyá kórópọ̀n náà dúró síbẹ̀, tí ó sì ń dàgbà bí ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìpadàwá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í wá.